Ọ̀RỌ̀ ỌJỌ́ ÒNÍ: 11 OṢÙ ÈRÈLÉ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ni "ihò àpáta". Ẹni tí ó bá ń gbé láàárín òkè mọ́kànlélógójì Ìdáàṣà kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn ọmọ yín pé kí ni à ń pe ibi tí a ti ń gbàdúrà ní Arigbo. "Grotte" ni wọn yóò fi dá yín lóhùn.

Ní 11 oṣù Èrèlé ọdún 1858, Bernadette Soubirous, ọmọ ọdún 14, bá àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọ̀rẹ́ wọn kan lọ ṣẹ́gi ní Lourdes, ní ilẹ̀ Faransé. Níbi ihò àpáta Massabielle ni Màríà Wúńdíá ti fara hàn án. Ìgbà 18 ni ó rí i kí oṣù Agẹmọ tó parí. Èyí ni gbogbo wa mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé díẹ̀ báyìí ni ọmọ náà gbọ́ nínú èdè Faransé. Èdè ìlú rẹ̀, èdè àwọn tálákà tí wọ́n ń ṣẹ́gi, ni Ìyá wa fi bá a sọ̀rọ̀. Ní 25 oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ó béèrè orúkọ rẹ̀, èdè yìí kan náà ni ó fi dáhùn pé òun ni Ìlóyún Aláìlábàwọ́n. Kò yé Bernadette rárá. Ṣe ni ó ń wí i lẹ́nu títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Fàdá, kí ó má baà gbàgbé. Póòpù Pius IX ti kéde ẹ̀kọ́ náà ní 1854. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní 1954, ni Arigbo tiwa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kàn wá lára. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a lọ, ọmọ tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, egungun ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn, títí yóò fi rí ẹlòmíràn gbé e fún. A gbé e rí. Òùngbẹ ló ń gbẹ wá lọ́jọ́ náà, omi ni a béèrè. Lónìí tí a ń kọ́ni ní katikísíìmù, a ń rí ọmọ tí ń ka àdúrà Màríà ní Faransé láìṣì ẹyọ kan, tí ìyá àgbà rẹ̀ jókòó tì í tí kò lè bá a dáhùn.

Ọjọ́ yìí kan náà ní 1990 ni Nelson Mandela jáde lẹ́wọ̀n lẹ́yìn ọdún 27. Ọjọ́ 8 lẹ́yìn náà ni Àpérò Orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀. Láti 1993 ni ó ti jẹ́ Ọjọ́ Àwọn Aláìsàn ní gbogbo ayé. Ní 2013, Póòpù Benedict XVI, ẹni tí ó wá kí wa ní Benin ní 2011, fi èdè Látìn sọ pé òun yóò fi ipò sílẹ̀. Obìnrin oníròyìn kan ní Ítálì tí ó gbọ́ Látìn ni ó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún ayé. (Látìn tí wọ́n fi yọ wá lẹ́nu ní séminárì wúlò nígbà mìíràn!)

Ẹ kò gbàgbé pé Fọ̀n ni "Zoumè", inú igbó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Igbó Ìdáàṣà ni àwọn bàbá wa ń wí.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀: ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè orúkọ òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú un wá fún wa lẹ́yìn Mísà.