Johnson Kì í Ṣe Orúkọ Ọ̀làjú

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn baba ńlá Yorùbá ni wọ́n pa òwe yìí, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ní Sabon Gari ti ìlú Kano, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn tí ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí, àwọn òbí kan ti yí òwe náà sódì. Ìta ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí baba rẹ̀ ń jẹ́ Jòhánù, tí baba ńlá rẹ̀ sì ń jẹ́ Ayànwálé, ni wọ́n ń mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń ní kí olùkọ́ kọ Johnson sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, èsì mẹ́ta ni ó máa ń jáde: pé orúkọ ọ̀làjú ni, pé ó rọrùn láti pè, àti pé kì í jẹ́ kí a tètè mọ ẹ̀yà ẹni láàárín àwọn tí kì í ṣe ará ilé. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí ni Johnson? Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ju "ọmọ John" lọ. John fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Hébérù ni, Yohanan, tí ó túmọ̀ sí pé Olúwa ṣàánú. Àwọn Gíríìkì gbà á lọ́wọ́ àwọn Hébérù, àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, ó di Johannes, kí ó tó wá di John lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Olúwaṣàánú ti sọ ọ́ ní John láìlọ sí òkè òkun. Ohun tí ó tún yẹ kí ará Kano fi sọ́kàn ni pé wòlíì tí Bíbélì ń pè ní Jòhánù Onítẹ̀bọmi, òun náà ni Kùránì ń pè ní Yahaya. Bí Hausa bá pe ènìyàn ní Dan Yahaya, Johnson ni ó pè é yẹn ní èdè tirẹ̀. Ẹni tí ó sá fún orúkọ baba rẹ̀ nítorí kí ó lè jọ òyìnbó, ẹnu ọ̀nà Dan Yahaya ni ó sá dé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò mú orúkọ ìdílé wá láti ọ̀run. Ní ayé àtijọ́, orúkọ tirẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Bí William bá jẹ́ ọmọ John, William Johnson ni wọ́n ń pè é. Bí òun náà bá bí ọmọ, ọmọ yẹn a di Williamson. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn ní 1066 ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ohun àjogúnbá. Àwọn mìíràn jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Smith ni alágbẹ̀dẹ. Taylor ni aránṣọ. Crowther ni ẹni tí ń ta ohun èlò orin olókùn kan tí ó jọ gòjé tí àwọn Hausa ń ta. Kí ni èyí fi yàtọ̀ sí Ayàn tí ó ń ṣáájú orúkọ ọmọ onílù, tàbí Ọdẹ tí ó ń ṣáájú orúkọ ọmọ ọdẹ? Àṣà kan náà ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì mọ iṣẹ́ tí baba tirẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó yá orúkọ náà lò kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan a máa wí pé bí orúkọ náà kò bá níyì, kì bá tí gbilẹ̀ káàkiri ayé. Johnson pọ̀ nítorí pé John pọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin ni a sọ ní John ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn ẹni mímọ́ inú Bíbélì, àwọn ọmọ wọn sì di Johnson, pàápàá ní apá àríwá ilẹ̀ náà. Ní Wales, orúkọ yìí kan náà ni ó di Jones. Nígbà tí àwọn ará Sweden tí ń jẹ́ Johansson ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn yí i sí Johnson. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 2010, àwọn tí ń jẹ́ Johnson lé ní 1,900,000, àwọn tí ń jẹ́ Smith nìkan ni wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ. Orúkọ tí èrò tó bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, ilé ta ni ó lè júwe?

Ọ̀nà tí irú orúkọ yìí gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọ̀nà ọ̀làjú rárá. Òwò ẹrú ni ó gbé e wá. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni a kó lọ sí Sierra Leone, níbẹ̀ ni a sì ti fi orúkọ àjèjì ṣe ìrìbọmi fún wọn. Àjàyí ọmọ Ọ̀ṣóògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, ni a ṣe ìrìbọmi fún ní 1825, tí a sì fi orúkọ àlùfáà kan ní London, Samuel Crowther, pè é. Sierra Leone náà ni a ti bí Samuel Johnson ní 1846, ẹni tí ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́ tí ó sì kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó sì mú kí ìwé náà jáde ní 1921. Nínú ìwé yẹn ni ó ti ṣàlàyé àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì fún gbogbo ayé. Ẹni tí ń jẹ́ Johnson ni ó jókòó tí ó ń kọ iyì orúkọ Yorùbá sílẹ̀!

Àpá ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. A kì í fi ẹni tí ó ní àpá ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n òbí wo ni yóò fi ọ̀bẹ dá ọgbẹ́ sí ara ọmọ rẹ̀ nítorí pé àpá ẹlòmíràn wù ú?

Ní ti pé orúkọ òyìnbó ń fi ẹ̀yà ẹni pamọ́, ẹ wo ìtàn Sabon Gari fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911, àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò láti gúúsù tẹ̀lé e, Sabon Gari, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun, ni ìjọba òyìnbó sì yà sọ́tọ̀ fún wọn. Kò sí ará Kano tí yóò gbọ́ Johnson tí yóò rò pé ọmọ bíbí ìlú náà ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n rò pé yóò bo àlejò mọ́lẹ̀ gan-an ni ó ń kéde rẹ̀. Ní ti ìrọ̀rùn, ọmọ tí ó lè ka Nebukadinésárì nínú Bíbélì, tí ó sì lè pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù òkè òkun láìkọsẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò wúwo jù fún Ayànwálé.

Síbẹ̀, àṣejù ni ti àwọn tí ń pariwo pé kí gbogbo ẹni tí ń jẹ́ orúkọ òyìnbó lọ sọ ọ́ nù. Lóòótọ́, David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mojola Agbebi ní 1894, ìgboyà ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí ó tako fífi orúkọ òyìnbó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Áfíríkà, ń jẹ́ Johnson títí ó fi kú ní 1917. Ta ni yóò sọ pé kì í ṣe ojúlówó ọmọ Áfíríkà? Ìdílé tí ó ti jẹ́ Johnson láti ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn ti jogún rẹ̀. Ìtàn ìyà àti ìtúsílẹ̀ baba wọn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó jogún orúkọ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń rọ ọ́ lánàá òde yìí.

Ọwọ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kù sí, nítorí inú ìwé tí olùkọ́ ń fi pe ọmọ lójoojúmọ́ ni orúkọ ti ń yè tàbí tí ó ti ń kú. Kí olùkọ́ má ṣe gé orúkọ ọmọ kúrú nítorí pé ó gùn. Kí ó kọ ọ́ bí ará ilé ọmọ náà ti ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ó má sì ṣe jẹ́ ẹni tí yóò dábàá orúkọ òyìnbó fún òbí tí kò bèèrè. Kí ó rán gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ béèrè ìtumọ̀ orúkọ wọn nílé, ìbáà ṣe Yorùbá, Ìgbò tàbí Hausa, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ tí ń jẹ́ Johnson náà rò tirẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, ibi tí ó bá wu ẹlòmíràn ni yóò fà á lọ.