Kí Ilẹ̀ Ojú Irin Èkó Má Tán Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ìlà ọkọ̀ ojú irin méjì ló ń kó èrò láàárín Èkó báyìí. Ìlà búlúù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ìlà pupa tẹ̀lé e lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádo dé Òyìngbò, kìlómítà 27. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wọn, ohun tí a máa ń gbọ́ ni gómìnà tó bẹ̀rẹ̀ wọn àti ààrẹ tó wá ṣí wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ irin lé lórí ni kì í jẹ kí n gbójú kúrò. Ìlà pupa gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́ tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní 1896. Ilẹ̀ rélùwéè ni ibẹ̀ láti ìgbà náà. Láti Mile 2 dé Ìgànmú, àárín títì márosẹ̀ Àgbádárìgì ni ìlà búlúù gbà, níbi tí àwọn tó la títì ọ̀hún ti fi àyè fífẹ̀ sílẹ̀ láàárín àlọ àti àbọ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti wà nílẹ̀ náà ni ojú irin ti kọ́kọ́ ṣeé ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé nínú ètò ìrìnnà ọlọ́gbọ̀n ọdún, ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò ni olú owó. Láìsí i, bébà lásán ni àwòrán tí ìjọba ń gbé jáde.

A ti san owó ètò tí a já sílẹ̀ rí. Lateef Jákándè, gómìnà Èkó láàárín 1979 sí 1983, ló gbé ètò ojú irin Metroline kalẹ̀. Ìjọba ológun Muhammadu Buhari fagi lé e lọ́dún 1985, owó Èkó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là sì bá a lọ. Nígbà náà, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Kí Buhari kan náà, ààrẹ alágbádá, tó wá ṣí ìpele àkọ́kọ́ ìlà búlúù lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ọdún méjìdínlógójì ti kọjá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún náírà la sì ń wá ká tó rí dọ́là kan. Síbẹ̀, mílíọ̀nù 78 yẹn ni mo kà sí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ará ìlú ń san lójoojúmọ́. Ẹ wo ìyá oníṣòwò tó ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà Balógun, tó sì ń gbé Mówé. Kí àkùkọ tó kọ ló ti jáde. Ó wọ ọkọ̀ dé Bẹ́gà, ó tún wọ dánfó mìíràn, kọ́ńdọ́ ń pariwo pé “wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o”, iye tó máa gbà sì di ohun tí òjò tàbí ìlà ilé epo bá wí. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo kúrò lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan fò láti ohun tí kò tó 200 náírà kọjá 500, owó ọkọ̀ bá a fò. Kò sí ìwé ìṣúná tí ìnáwó ìyá yìí wà. Orí aṣọ tó ń tà ló wà. Àwa tí a ń ra aṣọ náà la ń san án.

Àwọn kan á ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí ló kan ọlọ́gbọ̀n ọdún nígbà tí ará ìlú ń wá oúnjẹ òní? Ṣùgbọ́n owó kékeré ni ìpamọ́ ilẹ̀ ń ná ìjọba: kí àwọn awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ri òpó ààlà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìjọba, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Ríra á padà ló ń gbé owó lọ. Lórí ìlà pupa, tó jogún ilẹ̀ rélùwéè, àwọn afárá tí mọ́tò máa gbà kọjá lórí irin ní Yábàá, Múṣin àti Ìkẹjà ṣì mú kí wọ́n wó ilé, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú. Mélòó wá ni ti ìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń gbèrò, nǹkan bíi kìlómítà 68 láti Marina sí agbègbè òwò Lẹ́kí, níbi tí ilé ń yọ lójoojúmọ́? Èbúté ńlá Lẹ́kí ṣílẹ̀kùn lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 láìsí ojú irin tó dé ibẹ̀. Tírélà ló ń kó ọ̀pọ̀ àpótí ẹrù jáde. Ẹni tó bá rí ohun tí tírélà fi ojú Àpápá rí kò níí fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: ta ló lè mọ bí Èkó ṣe máa rí ní ọgbọ̀n ọdún sí i? Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a pa mọ́ kò fi dandan so wá mọ́ irú ọkọ̀ kan. Bọ́ọ̀sì BRT lè kọ́kọ́ gbà á, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS lọ́dún 2008, kí irin wá tẹ̀lé e nígbà tí èrò bá pọ̀. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá kùnà, ilẹ̀ ṣì wà fún ohun mìíràn. Bí ilé bá ti hù síbẹ̀, àtúnṣe di ogun.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ààlà ìpínlẹ̀. Òfin Èkó ló dá LAMATA, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà Èkó, sílẹ̀ lọ́dún 2002, agbára òfin náà sì parí síbi tí Èkó parí sí. Àmọ́ Mówé, Ìbàfò, Ṣàngó-Ọ̀tà àti Agbára, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Èkó ń sùn, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà. Ìlà aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n yà sórí ìwé, láti ìhà Redemption Camp ní Ògùn ló ti máa gbéra. Èkó nìkan kò lè ṣọ́ ilẹ̀ ìlà yìí. Ó yẹ kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ méjèèjì ṣe òfin kan náà, tí gómìnà tuntun kò níí lè fọwọ́ ara rẹ̀ nìkan pa rẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwòrán ilẹ̀ náà wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè wò ó kí ọmọ onílẹ̀ tó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ní Mówé tàbí Ìbẹ̀jú, ẹ béèrè ibi tí ojú irin máa gbà kí ẹ tó sanwó. Bí ẹnikẹ́ni ò bá lè fi hàn yín, ẹ bi aṣòfin tí ẹ dìbò yàn léèrè ìdí.