Owó Kò Ní Etí

Àwọn kan wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé wa, pàápàá jù lọ àwọn tó ń gbé ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n ti sọ gbígbọ́ orin di ẹ̀sìn. Wọn kì í bi ara wọn léèrè orin ta ni o gbọ́ lánàá, tàbí kí ni olórin náà wí. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni irú hẹ́dífóònù tí o dé sétí, àti irú áńpílífáyà tí o so mọ́ ọn. Bí o bá dárúkọ méjèèjì tán, wọn yóò mi orí bí babaláwo tí Odù burúkú yọ sí lójú ọpọ́n. Wọn yóò ní o kò so wọ́n pọ̀ bó ṣe yẹ. Pé hẹ́dífóònù tìrẹ tutù, áńpílífáyà tó gbóná ló tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n sọ ọ́ dà, àwọn sì ni alárinà. Èmi kò gbà. Mo fẹ́ sọ ìdí tí n kò fi gbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan owó, ó kan etí, ó sì kan iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, ìyẹn ṣíṣe àdàkọ ewì alohùn láti orí téèpù.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ẹ jẹ́ kí a ya iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ méjèèjì sọ́tọ̀. Hẹ́dífóònù ló ń sọ iná mànàmáná di ìró. Awọ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí awọ ìlù ṣe ń gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe gé awọ yìí, ihò tí wọ́n dá sẹ́yìn rẹ̀, tìmùtìmù tó fara ti etí, àti bí etí oníkálukú ṣe rí, gbogbo wọn ló ń yí ìró náà padà. Áńpílífáyà ní tirẹ̀ kò dá ìró kankan sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba iná kékeré, kí ó sọ ọ́ di ńlá, kí ó má sì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Nítorí náà, hẹ́dífóònù méjì lè yàtọ̀ síra bí gángan ṣe yàtọ̀ sí sákárà. Áńpílífáyà méjì tí wọ́n ṣe dáadáa kò ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi mẹ́ta tí mo ti lò ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni HD 600 tí ilé iṣẹ́ Sennheiser ní Jámánì gbé jáde ní 1997. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ohùn ènìyàn sì máa ń jáde nínú rẹ̀ láìsí àbùlà. Bí àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá bá ń lọ, mo lè tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn dé òpin, kí n sì tún gbọ́ ohun tí àwọn elégbè ń sọ lábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni DT 990 ti Beyerdynamic, tí òun náà wá láti Jámánì. Àwọn tó ṣe é gbé ìró tínrín inú rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń dùn létí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nítorí pé ohun gbogbo ń dán bí idẹ. Ṣùgbọ́n bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ti wọlé, ó ti bo kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀ nìyẹn, híhó ara téèpù àtijọ́ á sì máa gún ni létí bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni MDR-7506 tí Sony ti Japan gbé jáde ní 1991, èyí tí àwọn onírédíò àti àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ fẹ́ràn. Òun náà ní ìró tínrín tó pọ̀ díẹ̀, kò sì tẹ́jú tó HD 600. Síbẹ̀, òun ni mo máa ń mú jù, ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ dí.

Ìdí yìí kì í jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń gbé ní Munich lè jókòó sínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ kí ó gbádùn hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Ní Ìbàdàn tí mò ń gbé, bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ará ilé kejì á wọ inú HD 600 wá bá mi bí ẹni pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́ onílù. Kí n tó mọ̀, mo ti yí ohùn sókè kí n lè borí rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ fún wa pé hẹ́dífóònù báyìí ló dára jù láyé, tí kò kọ́kọ́ bi wá léèrè ibi tí a ń gbé, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Wọ́n á tún ní kí ló dé tí ohùn ènìyàn nìkan ni mò ń tẹnu mọ́, pé ìró rírinlẹ̀ àti ìró tínrín ló ń fi ìwà hẹ́dífóònù hàn. Mo fẹ́ kí wọ́n ro ọ̀rọ̀ tẹlifóònù wò. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìró tó wà lábẹ́ hẹ́ẹ̀tì 300 kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé èyí tó ju 3,400 lọ. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin sì sábà máa ń wà láàárín hẹ́ẹ̀tì 100 sí 150, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpìlẹ̀ ohùn náà gan-an kì í dé etí ẹni tó ń gbọ́. Síbẹ̀, ta ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lórí tẹlifóònù? Ọpọlọ ló ń fi àwọn ìró tó jẹ́ ìlọ́po ìpìlẹ̀ náà ṣírò ibi tí ohùn wà. Àárín ni èdè wa ń gbé. Hẹ́dífóònù tó bá ba àárín jẹ́ nítorí pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ mì tìtì, kí agogo sì máa dán, ó ti ba Yorùbá jẹ́, ìbáà ṣe wúrà ni wọ́n fi ṣe é. Mo ti rí àdàkọ ìjálá tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kọ ọkọ́ sí ibi tí apohùn ti pe ọ̀kọ̀. Odidi ọdẹ wá di àgbẹ̀. Nígbà tí mo gba hẹ́dífóònù tó fi ṣiṣẹ́ náà wò, ìró rírinlẹ̀ tó ń hó nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ apohùn pàápàá.

Ó yẹ kí iye owó ràn wá lọ́wọ́ láti mọ èyí tó dára. Kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ní 2017, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jeroen Breebaart tẹ ìwádìí kan jáde lórí hẹ́dífóònù 283. Ó fi iye tí wọ́n ń tà wọ́n wé bí ìró wọn ṣe rí, kò sì rí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Sennheiser kan náà tó ṣe HD 600 ti ṣe èyí tó ń jẹ́ Orpheus ní 1991, èyí tí wọn kò ṣe ju nǹkan bí 300 lọ. Ní 2015, wọ́n kéde arọ́pò rẹ̀, HE 1, ní iye tó tó nǹkan bí 50,000 yúrò. Òkúta mábù ni wọ́n fi ṣe àpótí áńpílífáyà rẹ̀. Bí ẹ bá tan án, àwọn gílóòbù rẹ̀ á rọra yọ sókè láti inú òkúta náà, bí eégún tó ń ti ìgbàlẹ̀ jáde. N kò sọ pé ìró rẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n ṣe òkúta yẹn fún, kì í ṣe etí.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ìgbéyàwó tí wọ́n ń wí. N kò ní sọ pé kò sí òtítọ́ kankan nínú rẹ̀. Òtítọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ìṣirò, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama sì lè ṣe é. Hẹ́dífóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tó fi ń dènà iná, èyí tí a ń fi óòmù kà. Àwọn tí wọ́n ṣe fún fóònù sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí óòmù 32. HD 600 jẹ́ 300. Beyerdynamic tilẹ̀ ṣe DT 880 kan tó jẹ́ 600. Láti fi mílíwáàtì kan ṣoṣo bọ́ hẹ́dífóònù óòmù 32, fólítì 0.18 ti tó. Ti óòmù 300 ń fẹ́ 0.55, ti 600 sì ń fẹ́ 0.77. Ìdí nìyí tí fóònù kékeré fi máa ń gbé àkọ́kọ́ láìlàágùn, tí ẹ̀kẹta á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tó bá ra irú èyí nílò áńpílífáyà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Áńpílífáyà náà tún ní ìdènà tirẹ̀ ní ibi tí iná ti ń jáde. Bí kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ, àlàáfíà ni. Bí ó bá pọ̀, wàhálà dé, nítorí pé ìdènà ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù kì í dúró sójú kan. Ti HD 600 máa ń ga sókè ní ìhà ìró rírinlẹ̀, ní nǹkan bí hẹ́ẹ̀tì 100, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 300 tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá so ó mọ́ áńpílífáyà onígílóòbù tí ìdènà rẹ̀ tó óòmù 120, ìró rírinlẹ̀ á fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì kan àti díẹ̀ ga ju àárín lọ. Ooru tí àwọn ọ̀rẹ́ wa ń gbọ́ nìyẹn. Kì í ṣe àǹjọ̀nú, kì í sì ṣe ìfẹ́ láàárín tọkọtaya. Ọ̀nà tí iná gbà pín ara rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì kan yìí lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ bù ú sí orin, kò ní ná kọ́bọ̀.

Bí agbára bá ti tó, tí ìdènà ìjáde bá kéré, tí kò sì sí híhó, kí ló kù tí áńpílífáyà olówó gọbọi fẹ́ ṣe? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, ìwé ìròyìn Stereo Review ní Amẹ́ríkà jábọ̀ ìdánwò kan tí wọ́n ti fi àwọn áńpílífáyà pamọ́ fún àwọn olùgbọ́, láti orí olówó pọ́ọ́kú dé orí èyí tó ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Àwọn olùgbọ́ kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ju bí ẹni tó ń ta owó ẹyọ sókè ṣe lè mọ ibi tí yóò dojú dé. Ní 2011, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó fi orúkọ bojú, tó ń pe ara rẹ̀ ní NwAvGuy, ya àwòrán áńpílífáyà kékeré kan tó sọ ní O2. Ó wọn gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ èsì jáde, ó sì fi àwòrán náà ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Ìdènà ìjáde rẹ̀ kò tó óòmù kan. Nígbà tó di 2012, ọkùnrin náà dákẹ́ lójijì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n O2 ṣì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní London, ọ̀mọ̀wé tí mo bọ̀wọ̀ fún, sọ fún mi pé òun ń gbọ́ ìyàtọ̀, pé ó dà bí ẹni pé èmi kò tíì kọ́ etí mi. Mo gbà pé ó ń gbọ́ ọ. Ohun tí a bá ti mọ iye rẹ̀ máa ń dún bí iye rẹ̀, èyí tó bá sì fi ìdajì dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ròkè máa ń dà bí èyí tó sàn jù. Ti kíkọ́ etí ni n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ọmọ Àyàn tó ń fa ọṣán dùndún, tó ń wá ibi tí ohùn àárín yóò dúró kí ọ̀rọ̀ má bàa yí padà, ta ló ta ẹ̀rọ fún un? Láàárín àwọn tí ohùn kan ṣoṣo lè sọ ọ̀kọ̀ di ọkọ́ létí wọn ni a ti wá ń ka àìgbọ́ sí wa lọ́rùn!

Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti agbára. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fi wáàtì ṣakọ. Mílíwáàtì kan ti tó láti mú kí ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù dún kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 90. Áńpílífáyà wáàtì méjì sì jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì èyí. Àfi irú HE-6 ti HiFiMan, tí iná kì í yó, kò sí hẹ́dífóònù tó nílò irú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má ṣe fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 gbọ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí a bá fi mẹ́ta kún un, ààbọ̀ àkókò náà ti lọ: 83 di wákàtí 20, 86 di 10, 89 di 5. Etí tó bá bàjẹ́ báyìí kì í padà. Ìró tínrín ló sì kọ́kọ́ máa ń lọ, èyí tí wọ́n ń torí rẹ̀ ra waya onífàdákà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ bá mi jiyàn, mo ti ṣe tán. Kí ó mú áńpílífáyà tirẹ̀ wá, èmi yóò gbé O2 mi wá. Kí ẹni kẹta fi ẹ̀rọ ìwọniná wọn méjèèjì títí wọn yóò fi dọ́gba, kí ó fi aṣọ bò wọ́n, kí ó sì máa pààrọ̀ wọn ní ìgbà 20. Orin ọwọ́ rẹ̀ ni kí a lò, hẹ́dífóònù ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó dé. Bí ó bá mọ èyí tó ń dún ní ìgbà 15 nínú 20, n óò ra irú rẹ̀, n óò sì tẹ èsì náà sínú ẹ̀dà kejì ìwé yìí.