Ravi Shankar: Ọ̀dọ́mọkùnrin Tó Fi Ìlú Paris Sílẹ̀ Lọ Kọ́ṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ọdún 1938, aṣọ kò wọ́n Ravi Shankar, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ẹni ọdún 18. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 10 ni ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Uday Shankar, lọ sí Paris. Ó bá ẹgbẹ́ oníjó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí jó káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn òǹwòran sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Òun náà a máa ta okùn sitar, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọ̀nà.

Ẹni tó yí ayé rẹ̀ padà ni Allauddin Khan, ọ̀gá olórin láàfin ọba Maihar, tó bá ẹgbẹ́ náà lọ sí Yúróòpù ní 1935. “Bàbá” ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń pè é, bí Yorùbá náà ì bá ti pè é. Ó rí ẹ̀bùn lára ọmọ náà, ó sì gbà láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé àfi bí ó bá fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ kó wá sí Maihar.

Ravi fá irun orí rẹ̀, ó wọ aṣọ tí kò níyì, ó gbé àpótí páànù, ó sì wọ ìlú kékeré náà lọ. Ẹ̀kọ́ sitar kì í ṣe ẹ̀kọ́ gbẹ̀fẹ́. Kèrègbè gbígbẹ ni ikùn rẹ̀, igi gígùn ni ọrùn rẹ̀, okùn irin orí rẹ̀ sì tó bí 20. Ìka tó ń tẹ okùn náà yóò gé, yóò bó, kó tó yi. Orin rágà, tí oríṣiríṣi rẹ̀ ní wákàtí tirẹ̀ lójúmọ́, kì í ṣe ohun tí à ń kà nínú ìwé. Ọ̀gá yóò kọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ ẹ̀kọ́ yóò máa tẹ̀lé e títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá bínú pé ọrùn-ọwọ́ Ravi kò lágbára, ó ní kó lọ ra ẹ̀gbà obìnrin kó fi sọ́wọ́. Ravi di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Ali Akbar Khan, ọmọ Bàbá, ló pàrọwà fún un. Ó ní ẹnu ń ya gbogbo ará ilé pé Ravi nìkan ni Bàbá kò tíì nà. Òun tí òun jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, Bàbá ti so òun mọ́ igi nà rí. Ravi tú ẹrù rẹ̀. Kì í ṣe ẹgba ló dá a dúró. Ohun tó wá kọ́ ló dá a dúró.

Ní 1939, àwọn méjèèjì jọ ṣeré níwájú èrò ní ìlú Allahabad, Ravi pẹ̀lú sitar, Ali Akbar pẹ̀lú sarod. Síbẹ̀, Ravi padà sídìí ẹ̀kọ́. Ó di 1944 kó tó parí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ wá ń wá a kiri. Ní 1949, ó di olùdarí orin nílé iṣẹ́ All India Radio ní New Delhi. Ní 1955, orin rẹ̀ ni wọ́n lò nínú Pather Panchali, fíìmù Satyajit Ray. Ní 1956, ó fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, ó sì gbé sitar lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó ti jó kiri nígbà èwe.

Nígbà tí George Harrison, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, di ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1966, òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Lójú wọn, òjijì ni. Wọn kò mọ̀ nípa Maihar.

Ravi Shankar papòdà ní 2012, lẹ́ni ọdún 92. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá wí pé orin lòun yóò fi ṣiṣẹ́, kó má ṣe tètè lé e, kó má sì tètè yìn ín. Kó kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ti lọ kọ́ ọ, àti iye ọdún tí yóò lò níbẹ̀.