Bí O Bá Béèrè, Gbà Láti Gbọ́

Ìwà kan wà láàárín wa tí mo fẹ́ bá jà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwà náà ni pé kí ènìyàn lọ bá ọlọ́gbọ́n, kí ó san owó fún un, kí ó béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òtítọ́ dé tán, kí ó sì kẹ̀yìn sí i nítorí pé kò bá ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ mu. Ẹni tí kò béèrè rárá jẹ́ òpè; a lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè, tí ó gbọ́, tí ó sì di etí rẹ̀, òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àtùpà, tí ó tún ń ké pé òkùnkùn ṣú. Ìwà yìí a máa hàn gbangba nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ra ẹṣin. Nítorí náà ẹṣin ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọ.

Bóyá ìwọ yóò wí pé, “Kí ni ó kàn mí nínú ẹṣin rírà ní ayé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́?” Ó kàn ọ́. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá dé ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin lọ sí iwájú ààfin Awùjalẹ̀, pẹ̀lú ìlù àti ìbọn. Ní Ìlọrin, ẹṣin kò tíì kúrò nínú ayẹyẹ ọba. Ní Èkó, láti ọdún 1904 ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù polo ti wà. Rírà ni a ń ra ẹṣin wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń ti ìhà Àríwá wá. Ilẹ̀ igbó kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́-Ilé mọ èyí: ilẹ̀ ọ̀dàn ni agbára ẹlẹ́ṣin wọn wà, nítorí pé eṣinṣin tsetse tí ń gbé inú igbó a máa gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, àrùn náà a sì máa mú un rù títí yóò fi kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń mú ẹṣin bọ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa kò gbọdọ̀ fi ojú lásán rà á.

Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n fi ń pe dókítà ẹranko kí ó tó san owó. Jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí dókítà náà ń ṣe, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Yóò kọ́kọ́ dúró lókèèrè, yóò wo bí ẹṣin ti dúró, bóyá ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ bí ó ti yẹ. Yóò la ẹnu rẹ̀, yóò wo eyín rẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí ẹṣin bá fi pé ọmọ ọdún 5, eyín àgbà ti rọ́pò gbogbo eyín èwe tí ó wà ní iwájú ẹnu rẹ̀. Yóò gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Ọkàn ẹṣin àgbà tí ó wà ní ìsinmi a máa lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Yóò mú un wọ ibi tí ó ṣókùnkùn, yóò sì tan iná wo ojú rẹ̀. Yóò gbé pátákò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi kan ń dùn ún. Yóò ní kí a fà á rìn, kí a sì mú un sáré lórí ilẹ̀ líle. Yóò ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra fún bí ìṣẹ́jú kan, yóò sì jẹ́ kí ó sáré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìrora tí ó fara pamọ́ sí oríkèé lè jáde. Yóò ní kí a gùn ún títí yóò fi máa mí gúlegúle, kí ó lè gbọ́ bí èémí rẹ̀ ti ń wọlé àti bí ó ti ń jáde. Níkẹyìn, yóò gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. A ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ náà bóyá kòkòrò àrùn wà níbẹ̀; a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tí ń tà á ti fún un ní oògùn ìrora kí ó má baà tiro lójú oníbàárà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, dókítà yóò kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Dókítà kò ní pàṣẹ pé, “Rà á,” bẹ́ẹ̀ ni kò ní pàṣẹ pé, “Má rà á.” Ìwé rẹ̀ kì í ṣe ìwé èsì ìdánwò tí a kọ “Ó yege” tàbí “Ó kùnà” sí. Ohun tí ó ń wí ni pé, “Báyìí ni mo bá ẹṣin yìí lónìí, báyìí sì ni ohun tí mo rí ṣe kan iṣẹ́ tí o fẹ́ fi í ṣe.” Ẹṣin tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fara pa nígbà kan rí lè tó fún àgbàlagbà tí ó fẹ́ máa gùn ún jẹ́jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó má sì tó fún polo, níbi tí ẹṣin ti ń sá eré àsápajúdé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 lẹ́ẹ̀kan, tí ó ń dúró lójijì, tí ó sì ń yí padà lójijì. Dókítà ni ó ni ìmọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹṣin ni ó ni ìpinnu. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí a ṣe bí ẹni pé ìmọ̀ kò dé rí, ìwà òmùgọ̀ ni.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí á gbọ́ àwíjàre àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkíní, wọn a máa wí pé, “Kò sí ẹṣin tí kò ní àléébù.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí wọ́n fi ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ ni. Àpá ọgbẹ́ tí ó ti jinná ní ìhà ẹṣin kì í ṣe ẹgbẹ́ ojú tí ń fọ́ lọ. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ó ń ru nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ẹṣin, kí ènìyàn tó gùn ún rárá. Ta ni yóò wá pe àrùn oríkèé ẹsẹ̀ iwájú ní ohun kékeré? Nítorí pé kò sí ilé tí kò ní eruku, ṣé a ó wá ra ilé tí ògiri rẹ̀ ti là?

Èkejì, wọn a máa wí pé, “Ẹṣin náà lẹ́wà. Ara rẹ̀ ń dán, gọ́gọ̀ rẹ̀ gùn, ojú gbogbo ayé yóò wà lára mi.” Ìwọ ọmọ mi, ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ojúde ọba kún, ìlù ń dún, ìbọn ń ró, àwọn ọmọdé to ara wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹṣin tí ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́ gbọ́ ariwo láti ìhà tí kò lè rí, ó ta gìrì, ó sì já wọ àárín èrò. Ta ni yóò wo gọ́gọ̀ rẹ̀ ní wákàtí yẹn? Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ojú ẹṣin náà, tí ó sì gùn ún wọ àárín èrò, kò lè pe ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní àmúwá Ọlọ́run. Ìgbéraga rẹ̀ ni ó mú un wá.

Ẹ̀kẹta, wọn a máa wí pé, “Mo ti san àsansílẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ènìyàn, ojú yóò tì mí bí n kò bá rà á mọ́.” Owó tí a fi ra ẹṣin kọ́ ni òpin owó ẹṣin. Ẹṣin tí ó tiro ń jẹ oúnjẹ bí èyí tí ara rẹ̀ dá, oògùn rẹ̀ sì ju ti èkejì lọ. Ẹṣin sì lè pẹ́ láyé ju ọdún 25 lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan dára ju ẹ̀dùn ọkàn ọdún mẹ́wàá lọ. Má sì ṣe rò pé òfin yóò gbà ọ́. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, tí òfin ọjà tiwa ti ara rẹ̀ ṣẹ̀, là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti yẹ ọjà wò kò lè gbára lé ìdáàbòbò òfin náà lórí àléébù tí ó yẹ kí àyẹ̀wò rẹ̀ fi hàn. Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù. Wọn a máa wí pé, “Bí kò bá wúlò fún mi, n ó tà á fún ẹlòmíràn.” Níbí ni òmùgọ̀ ti di olè. Ìwé dókítà wà nínú àpótí rẹ̀, ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ń ka owó lé e lọ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o ti ìhà kan ṣubú sí ìhà kejì. Ẹnìkan wà tí ó jẹ́ pé bí dókítà bá ti kọ ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀, ẹ̀rù a bà á, a sì sá kúrò nídìí ẹṣin rere nítorí ohun tí kò lè dí i lọ́wọ́ láéláé. Òun náà kò gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ni ó gbọ́. Ẹnìkan sì tún wà tí ó fi ìwé dókítà já owó ẹṣin wálẹ̀, tí ó sì rà á fún iṣẹ́ tí ìwé náà ti sọ pé kò lè ṣe. Ó rò pé òun jèrè. Ẹ̀dínwó kò wo ẹsẹ̀ sàn.

Báwo wá ni a ṣe ń pinnu? Ìbéèrè mẹ́ta ni kí o bi ara rẹ, kí o sì dáhùn wọn láìtan ara rẹ. Iṣẹ́ wo gan-an ni mo fẹ́ fi ẹṣin yìí ṣe? Ǹjẹ́ ohun tí dókítà rí yóò jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ náà láìjẹ ìrora, láìsì fi ẹnikẹ́ni sínú ewu? Ǹjẹ́ mo ní owó àti sùúrù láti tọ́jú àléébù náà lónìí àti ní ọ̀la? Bí ìdáhùn kejì àti ìkẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, rà á pẹ̀lú ayọ̀, bí ó tilẹ̀ ní àpá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí o sì máa lọ sílé. Owó àyẹ̀wò náà kò ṣòfò. Òun ni ó gba ọ̀pọ̀ owó mìíràn là.

Ní ìparí, rántí ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi. Ẹṣin kò lè wí pé, “Ẹsẹ̀ ń dùn mí.” A ó di gàárì lé e, a ó fi kẹ́sẹ́ gún un, yóò sì máa lọ títí yóò fi ṣubú. Dókítà ni a fi ṣe ẹnu fún un. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ dókítà, ẹnu ẹranko tí kò lè fọhùn ni ó fi ọwọ́ dí, ẹranko náà ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí lè má ra ẹṣin láéláé. Ṣùgbọ́n ìwọ yóò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ olùkọ́, lọ́wọ́ oníṣègùn, lọ́wọ́ òbí àti lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tòótọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí o tó la ẹnu béèrè, kọ́kọ́ bi ọkàn rẹ bóyá ó ti múra láti gba ìdáhùn tí kò dùn. Bí ó bá ti múra, béèrè. Bí ìdáhùn bá sì dé, jẹ́ kí ó darí ẹsẹ̀ rẹ.