ÌLÚ FILADELFIA ÀTI ÀWỌN OLÙTỌ́JÚ ALÁÌSÀN RẸ̀

Àwa tí ńka Bíbélì mọ orúkọ Filadelfia nínú Ìwé Ìfihàn. Filadelfia mìíràn wà li Amẹ́ríkà, èyí tí William Penn tẹ̀dó li ọdún 1682. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìfẹ́ ará. Ọ̀pọ̀ enia mọ̀ pé nibẹ̀ li a gbé kéde òmìnira Amẹ́ríkà li ọdún 1776. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba li ó mọ̀ pé àwọn tí ńjà fún ìdásílẹ̀ ẹrú li ó sọ agogo ńlá ìlú náà ní Agogo Òmìnira, ní nǹkan bí ọdún 1835.

Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ li etí enia ni ìtàn ọdún 1793. Ibà pọ́njú wọ ìlú náà li oṣù kẹjọ. Nínú nǹkan bí 50,000 enia, nǹkan bí 5,000 li ó kú kí òtútù tó dé. Àwọn tí ó lè sá, nwọ́n sá. Oníṣègùn Benjamin Rush rò pé àrùn náà kì í mú aláwọ̀ dúdú, ó sì bẹ Absalom Jones àti Richard Allen, àwọn méjì tí a bí sínú oko ẹrú, pé kí ẹgbẹ́ wọn wá ṣe ìrànlọ́wọ́. Nwọ́n tọ́jú aláìsàn, nwọ́n sì sin òkú. Èrò Rush kò rí bẹ́ẹ̀: ibà náà pa púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú.

Nígbà tí àrùn lọ tán, Mathew Carey, atẹ̀wé kan, yin Jones àti Allen nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àwọn aláwọ̀ dúdú kan gba owó gọbọi, nwọ́n sì jalè ní ilé aláìsàn. Àwọn méjèèjì kò gba ìyìn tí a fi ẹ̀gàn àwọn ará wọn rà. Li ọdún 1794 nwọ́n tẹ ìwé tiwọn, nwọ́n sì ṣírò owó sínú rẹ̀: £411 li nwọ́n ná sórí pósí àti owó ọ̀yà; owó tí ó wọlé kò pé £234. Àpò ara wọn li ó san ìyókù, tí ó lé ní £177.

Li ọdún náà gan-an ni olúkúlùkù wọn ṣí ilé ìsìn kan. Ìjọ Beteli ti Allen ṣì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ di òní. Li ọdún 1900 ni a tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọn li ó ńgbé ibà náà kiri.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa kọ ìṣirò sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo li òtítọ́ yóò bá a.