ÈTÒ ILÉ: Nígbà Tí Bàálé Bá Ń So Ẹ́ńjìnnì Mọ́ Kẹ̀kẹ́

Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sísè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ rírán. Síbẹ̀, ó kan ilé gbọ̀ngbọ̀n: ó kan owó, ó kan ìlera ọmọ, ó sì kan ìrẹ́pọ̀ láàárín tọkọtaya.

Ìyàwó ọ̀dọ́ kan ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní ọkọ òun, tí í ṣe olùkọ́, ra ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kan, ó sì tún ra ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó fẹ́ so mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, bí bàálé bá ti ti ẹnu iṣẹ́ dé, ìdí kẹ̀kẹ́ ni yóò jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Sípánà wà lórí àga, ṣéènì wà nínú abọ́ ìfọṣọ, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ wọn olóṣù mẹ́jọ ń sùn. Ó wá bi mí léèrè bóyá kí òun kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn, tàbí kí òun máa wò ó níran.

Èsì mi ni pé kí ó má da ohunkóhun nù, kí ó má sì kàn máa wòran. Ọkùnrin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan nílé ní ìrọ̀lẹ́ kò ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ti ọkọ nìkan. Iṣẹ́ àfipawọ́ tí ó bá wọ ilé gbọ́dọ̀ gba òfin ilé, aya sì ni ó yẹ kí ó bá ọkọ rẹ̀ fi òfin náà lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní ọdún 1946, ní ìlú Hamamatsu ní ilẹ̀ Japan, ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún tí ó ṣáájú ni. Oúnjẹ wọ́n, ọkọ̀ ojú irin kún àkúnfàya, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gùn lọ sí ọ̀nà jíjìn láti wá ohun tí wọn yóò jẹ. Soichiro Honda rí ẹ́ńjìnnì kékeré kan, irú èyí tí àwọn ológun fi ń pèsè iná fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó pinnu láti so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Kò rí táǹkì epo. Ó mú ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi ń mú ibùsùn móoru nígbà òtútù, ó sì sọ ọ́ di táǹkì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì sí, kí ó máa yí táyà iwájú. Táyà ayé ìgbà náà kò gbà á. Ó tú u, ó gbé e sí àárín kẹ̀kẹ́, ó sì fi bẹ́lítì fa táyà ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé ohun tí ọkọ yín tò lánàá ni ó tún ń tú lónìí, ẹ ṣe sùúrù. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rí nìyẹn.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà ṣe é gùn, ìyàwó rẹ̀, Sachi, ni Honda ní kí ó gùn ún káàkiri ìgboro lójú gbogbo ènìyàn. Sachi wọ ṣòkòtò rẹ̀ tí ó dára jù lọ. Nígbà tí ó padà dé, óìlì ti ta sí i, ó ti bà á jẹ́. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ láìfi bò pé irú èyí kò dára, pé àwọn oníbàárà yóò padà wá bá a jà. Ọkọ tí kì í tètè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wá gbé alùpùpù Super Cub jáde ní ọdún 1958, wọ́n fi àpótí bo ṣéènì rẹ̀ kí óìlì má bàa ta, wọ́n fi ààbò síwájú ẹsẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹni tí ó wọ yẹ̀rì lè gùn ún. Ní ọdún 2017, iye Super Cub tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù 100. Ẹ rí i pé ojú ẹni tí ń fọ aṣọ a máa rí ohun tí ojú ẹni tí ń di bóòtù kò rí. Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ sọ.

Èkíní ni epo. Kí bẹntiróòlù má sun inú ilé mọ́jú. Èéfín tí ń ti ara rẹ̀ jáde, tí a kò lè fojú rí, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yóò máa rá lọ títí yóò fi bá iná sítóòfù, ìbúgbàmù sì dé. Kí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí líle, níta, lábẹ́ ibòji, jìnnà sí ibi ìdáná, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé, nítorí ohun mímu ni ọmọ yóò pè é. Ẹ má sì da èyí tí ó ṣẹ́kù pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì. Ọ̀pọ̀ ilé ni irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ti sun. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ipá mú un bì, nítorí bí ó bá ń bì, bẹntiróòlù náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tàbí ọ̀ọ̀dẹ̀. Májèlé tí kò ní òórùn wà nínú èéfín rẹ̀, ó sì ń pani lójú oorun.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí kò ní ibi tí à ń da óìlì sí lọ́tọ̀. Inú bẹntiróòlù ni à ń po ó mọ́. Bí ìwé ìlò rẹ̀ bá ní kí óìlì jẹ́ ìwọ̀n 1 sí bẹntiróòlù 20, lítà 1 yóò gba mìlílítà 50. Bí óìlì bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò gan. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò gba àdúgbò. Ẹ fún ọkọ yín ní ife ìwọ̀n tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ sí i lára, kí ó má bàa jẹ́ fídà ọmọ ni yóò fi wọn óìlì.

Èkejì ni aṣọ. Kí ó ya aṣọ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Èyí tí bẹntiróòlù bá ta sí, ẹ sá a síta títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá, kí ẹ tó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ní ti àbàwọ́n óìlì, ẹ bu pọ́dà sí i kí ó fa óìlì náà mu, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, ẹ fi ọṣẹ ra ojú ibẹ̀ kí omi tó kàn án, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, bí irú aṣọ náà bá gbà á. Kí ó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ó tó gbé ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni ìnáwó. Táyà ń bọ̀, ṣéènì ń bọ̀, púlọ́ọ̀gì ń bọ̀, akoto kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ẹ jókòó pa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé-ìwé, kí ẹ dá iye kan fún kẹ̀kẹ́. Bí ó bá tán, kí kẹ̀kẹ́ dúró de oṣù mìíràn. Kí ìyàwó náà ní iye tirẹ̀ fún ohun tí ó wù ú, ìbáà jẹ́ òwú tàbí ìwé, nítorí kò sí àfipawọ́ tí ó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, ni bíréèkì. Bí ìyára kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì ní láti pa á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyára ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣe ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ fún. Nítorí náà, kí bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn ti dára kí ẹ́ńjìnnì tó gun orí kẹ̀kẹ́; kí sípóòkù má sì kù díẹ̀ káàtó, pàápàá níbi tí wọ́n bá di eyín ṣéènì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì a máa gbọ̀n, nọ́ọ̀tì a sì máa tú; kí ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́yìn gbogbo ìrìn. Kí ó kọ́kọ́ dán an wò ní pápá, kì í ṣe lójú títì, kí ó sì béèrè lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìwé tí ó yẹ kí ó gbà. Kí ọmọ má jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gùn ún, ẹ má fi ìró gùn ún, nítorí ṣéènì kì í mọ aṣọ tuntun.

Ní ìparí, ẹ sún mọ́ ìdí iṣẹ́ náà. Ẹ béèrè ohun tí kaburétọ̀ ń ṣe, ẹ mú sípánà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín obìnrin náà mú un nígbà tí wọ́n bá dàgbà tó. Ẹni tí ó bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ etí alágbàṣe rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kẹ̀kẹ́ tí ọkọ àti aya bá jọ kọ́ kò ní lé ẹnikẹ́ni jáde nílé.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ilé wa.